Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Jókòó Sídìí Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi, mo ti ń wò ọ́ láti ọjọ́ yìí. Oníbàárà dúró tì ọ́, ó ní kí o bá òun tẹ lẹ́tà tí o ṣe fún òun lóṣù tó kọjá jáde. O ṣí tibí, o ti tọ̀hún, òógùn bò ọ́, o wá ń bú kọ̀ǹpútà pé ó ń falẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò falẹ̀ o. Ìwọ ni o kò mọ ibi tí o tọ́jú nǹkan sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Jẹ́ kí n ya díẹ̀ fún ọ nínú tèmi.

1. Má sọ desktop di ààtàn. Iṣẹ́ tí o ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá ti parí, kó o lọ sínú fódà rẹ̀. Tábìlì ọ́fíìsì ni àwọn tó ṣe Xerox Star lọ́dún 1981 wò tí wọ́n fi gbé àwòrán fáìlì àti fódà sójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ tábìlì di ibi ìkẹ́rùsí. Ìdí kejì le ju ìyẹn lọ: inú drive C ni desktop máa ń wà. Lọ́jọ́ tí Windows bá kọ̀ tí kò dìde mọ́, tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì ní òun fẹ́ fọ́máàtì rẹ̀, C yẹn ni yóò nù, ohun tí o tò síbẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹkún kò ní dá a padà.

2. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Má pe fáìlì ní "lẹ́tà tuntun", má sì pè é ní "final", nítorí "final" kì í pẹ́ bí "final 2", "final 2" náà á sì bí "final tòótọ́". Fi ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn, kí o wá kọ ohun tó jẹ́: "2025-03-14 lẹ́tà ìsinmi v1". Láti apá òsì ni kọ̀ǹpútà ti ń ka orúkọ nígbà tó bá ń tò ó. Bí o bá fi ọjọ́ ṣíwájú, lẹ́tà 02-11-2024 á jókòó ṣáájú ti 14-03-2023, àbúrò á wá máa ṣíwájú ẹ̀gbọ́n. Má lo àmì / láti ya ọjọ́ sọ́tọ̀. Windows kò gbà á nínú orúkọ fáìlì, kò gba : àti ? náà. Bí iṣẹ́ bá ní àtúnṣe, sọ ọ́ di v2, kí o jẹ́ kí v1 wà níbẹ̀. Oníbàárà á padà wá ní ti àkọ́kọ́ ló wu òun. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

3. Sọ orúkọ fún iṣẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, kí o sì máa tẹ Ctrl pẹ̀lú S lóòrèkóòrè. Iná kì í dágbére kó tó lọ.

4. Máa kó inú Downloads kúrò lọ́jọ́ Ẹtì. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ níbẹ̀.

5. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Wíńdò tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nílò ni kí o ṣí, kí o ti ìyókù. Nínú Windows àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1985, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn wíńdò ń wà, ọ̀kan kò lè bo èkejì. Ọdún 1987 ni wọ́n tó lè gun orí ara wọn, láti ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn ti ń wá ohun tó wà lójú wọn tí wọn kò rí i. Bí o bá ń da orúkọ kọ láti inú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí sínú fọ́ọ̀mù, tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú ọfà òsì, ìwé ẹ̀rí á gba ìdajì. Kí o yan fọ́ọ̀mù sí ìdajì kejì. Ojú rẹ á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí o bá kọ Adéṣọlá síbi tí Adéṣínà wà. Èèyàn tó ń ti ọ̀kan lọ ti ọ̀kan bọ̀ ń fi orí gbé orúkọ ni, orí sì máa ń jábọ́. Bí iṣẹ́ bá di méjì, Windows pẹ̀lú Ctrl àti D á ṣí desktop mìíràn fún ọ. Fi iṣẹ́ oníbàárà síhìn-ín, kí orin rẹ wà lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé o ń gbọ́ orin. N kò bá ọ jà.

6. Jẹ́ kí ìrù orúkọ fáìlì hàn. Windows máa ń fi í pamọ́ àfi tí o bá ní kó fi hàn, bẹ́ẹ̀ ìrù yẹn ló ń sọ irú ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà ìfẹ́ kan tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ".TXT.vbs" tàn káàkiri ayé láti Philippines. Àwọn tó gbà á rí TXT, wọn kò rí vbs tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣí i, ó ba fáìlì wọn jẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì wọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

7. Má jẹ́ kí Shift pẹ̀lú Delete mọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun tí o bá pa rẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà lọ́nà tó tọ́ á dúró dè ọ́ nínú Recycle Bin. Èyí tí o fi Shift pa kò ní yà síbẹ̀. Ohun tí o bá pa rẹ́ lórí fláàṣì náà kì í dé ibẹ̀, nítorí náà ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọwọ́ rẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

8. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Iṣẹ́ tí o kò fẹ́ kó sọnù, ní ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì, kí o tún ní òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Má sì fi fláàṣì náà sínú báàgì kan pẹ̀lú lapútọ́ọ̀pù, torí olè kì í jókòó yan èyí tó máa gbé. Bí o bá sì fẹ́ fà á yọ lára ẹ̀rọ, tẹ eject, kí o dúró títí yóò fi ní o lè yọ ọ́.