Ìríjú, Ìṣúná àti Ọrọ̀ Ajé: Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ó Ń Gbé Ilé Púpọ̀

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan wò tí ó ti mú wa jókòó pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìtúmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni oikonomia. Nínú ẹ̀dà Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì tí àwọn atúmọ̀ ń lò lóde òní, ìgbà 9 ni ó farahàn: ẹ̀ẹ̀mẹta nínú òwe ìríjú aláìṣòótọ́ tí ó wà nínú Lúùkù orí 16, àti ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú àwọn ìwé Pọ́ọ̀lù. Láti ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Yúróòpù ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun tí àwa ń pè ní ètò ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò tún bá a lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì, àti lọ́dọ̀ àwa onímọ̀ èdè pàápàá. Kí ni ó so gbogbo wọn pọ̀? Kí sì ni ó kan ẹni tí ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Yorùbá? Ìdáhùn ìbéèrè kejì yìí ná wa ní ohun kan, a ó sì sọ ọ́ láìfi bò.

1. Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá

Ní èdè Gíríìkì, oikos ni ilé. Nemein ni láti pín nǹkan tàbí láti ṣètò rẹ̀. Nítorí náà, oikonomos ni ẹni tí ó ń pín ohun inú ilé fún àwọn ará ilé, oikonomia sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Xenophon, ọmọ ìlú Áténì, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ yìí ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí a ti í to ilé, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Foníṣíà ṣe àpẹẹrẹ. Ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kí ó má bàa di pé ìjì dé tán kí a tó máa wá okùn kiri. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aristotle fi ìyàtọ̀ sáàárín ìtọ́jú ilé àti ìkówójọ. Ó ní ohun tí ilé nílò ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kó owó jọ nítorí owó kò mọ ibi tí yóò dúró.

Nínú Bíbélì Mímọ́ wa, ìríjú ni a pe ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀sùn tí a fi kan ìríjú inú òwe náà ni pé ó ń fi ohun ìní ọ̀gá rẹ̀ ṣòfò, àti pé ìṣirò iṣẹ́ ni a bi í. Ní ti Pọ́ọ̀lù, ó gbé ọ̀rọ̀ kan náà kọjá agbo ilé ènìyàn. Nínú Éfésù 1:10, ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ètò tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń ṣe fún gbogbo ohun tí ó wà ní ọ̀run àti ní ayé. Àwọn baba ìjọ ìgbàanì, bí Irenaeus ní ọ̀rúndún kejì, tọ ọ̀nà yìí, wọ́n sì lo ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ìlànà ìgbàlà.

2. Ọ̀rọ̀ náà jáde nílé

Ní ọdún 1615, Antoine de Montchrestien, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀rọ̀ yìí kún àkọlé ìwé kan nípa ìtọ́jú ọrọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1755, Jean-Jacques Rousseau ṣàlàyé pé ìtọ́jú ilé ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ túmọ̀ sí, kí a tó fẹ̀ ẹ́ dé orí ìlú, tí í ṣe ìdílé ńlá. Nígbà tí ó di ọdún 1932, Lionel Robbins ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìmọ̀ náà ní ìtumọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ́ sórí: ó ní ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ti ń ṣe ni, nígbà tí ohun tí ó ń lépa pọ̀, tí ohun tí yóò fi lé e bá sì mọ níwọ̀n, tí a sì lè lò ó fún iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ tí ó ní ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo mọ ẹ̀kọ́ yìí kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí náà gba ọ̀rọ̀ yìí sílé. Ní ọdún 1749, láti ọ̀dọ̀ Carl Linnaeus ní ìlú Uppsala ní Sweden, ìwé kan jáde tí a fún ní àkọlé tí ó túmọ̀ sí ìtọ́jú ilé ti ìṣẹ̀dá. Ohun tí ó kọ́ni ni pé Ẹlẹ́dàá ti to àwọn ẹ̀dá tí wọ́n fi ń wúlò fún ara wọn: ohun tí ọ̀kan fi sílẹ̀ ni òmíràn ń jẹ, ikú ọ̀kan sì ni oúnjẹ òmíràn. Àwa tí a mọ igún mọ ohun tí ó ń wí. Láti ara oikos yìí kan náà ni Ernst Haeckel, ará Jámánì, ti fa orúkọ yọ ní ọdún 1866 fún ìmọ̀ nípa bí àwọn ẹ̀dá ti ń bá ara wọn àti àyíká wọn gbé.

Èrò inú ènìyàn pàápàá ní ìṣúná tirẹ̀. William ti Ockham, àlùfáà kan tí ó kú ní ọdún 1347, ni a máa ń fi rántí ìlànà pé kí a má ṣe wá ìdí púpọ̀ fún ohun tí ìdí díẹ̀ ti tó láti ṣàlàyé. Ní ọdún 1882, Ernst Mach sọ ní ìlú Vienna pé ìṣúná èrò ni iṣẹ́ ìmọ̀ físíìsì. Bí a bá ní kí a kọ gbogbo ìgbà tí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ti tẹ̀ nígbà tí ó wọ inú omi sílẹ̀, ìwé ayé kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n òfin kúkúrú kan wà tí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò fi rí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú: yóò rí i gbà padà.

3. Ìṣúná nínú ilé èdè

Ní ọdún 1949, George Kingsley Zipf ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti fi agbára díẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ka sí i pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù lọ ni ó sábà máa ń kúrú jù lọ. Ẹ wo èdè tiwa: ni, ti, sí, ó, kò, wá, lọ, sílébù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan atúmọ̀ jù ni pé Zipf rí ìṣúná méjì tí ń bá ara wọn jà nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun ìbá máa lò fún ohun gbogbo. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń gbọ́, òun ìbá fẹ́ kí ohun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí òun má bàa máa méfò. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti fohùn ṣọ̀kan ni èdè ń gbé. Ní ọdún 1955, André Martinet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi irú ìjà yìí ṣàlàyé bí ìró èdè ti ń yí padà láti ìran dé ìran.

Àkọtọ́ Yorùbá ní àpẹẹrẹ rere kan. Ohùn mẹ́ta ni a ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Àmì méjì péré ni a sì ń lò, nítorí a kì í fi àmì sórí ohùn àárín. Níbi tí a bá ti fi àmì sí àwọn méjì yòókù bí ó ti yẹ, àìlámì ti àárín di àmì fúnra rẹ̀. A dín iṣẹ́ akọ̀wé kù, òǹkàwé kò sì pàdánù ohunkóhun.

4. Ìṣúná tí àwa ṣe

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò ìtàn ìjìyà Olúwa wa láti inú Ìhìnrere Jòhánù. Àkókò ti lọ, fífi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà sì ń gba ọjọ́ púpọ̀. A pinnu pé kí a fi àmì abẹ́ nìkan sílẹ̀, kí a yọ gbogbo àmì ohùn. A ní ọmọ Yorùbá ni yóò kà á, yóò mọ̀ ọ́n.

A gbé ẹ̀dà náà lọ sí ìjọ kan ní ìletò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ̀wé dáadáa ni wọ́n yàn láti kà á sókè. Nígbà tí ó dé orí 19, ẹsẹ 34, níbi tí ọmọ ogun kan ti gún Jésù ní ẹ̀gbẹ́, ó bá ọ̀rọ̀ náà ọkọ níwájú rẹ̀ láìní àmì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ ìyàwó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ́ tí a fi ń roko lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun náà sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kà á sí ọkọ̀. Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà. Ní ibi tí ó yẹ kí ilé pa lọ́lọ́, ẹ̀rín ni a gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ìyókù. Nígbà tí a padà lọ ní oṣù kejì, ó fi ìwé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sì gbà láti kàwé mọ́.

Ìyá àgbà kan pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ọmọ yẹn kò fọ́. Ìwé yín ni kò pé.” A kò rí èsì kankan fọ̀.

5. Ta ni ó jèrè, ta ni ó sanwó?

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ ohun tí ó so gbogbo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbé pọ̀. Ìṣúná tòótọ́ ń ka gbogbo ará ilé mọ́ra; ohun tí a bá yọ, ẹni tí ó nílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rí i gbà padà. Òfin ìmọ́lẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ gbogbo wà nínú rẹ̀. Ohùn àárín kò ní àmì, ṣùgbọ́n kò sọnù. Tiwa yàtọ̀: àwa ni a jèrè ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó sì san gbèsè náà lójú gbogbo ènìyàn.

Àwọn baba wa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. A máa ń fi òwe yìí yin ọ̀rọ̀ kúkúrú, ṣùgbọ́n inú olùgbọ́ ni agbára òwe náà wà. Àmì ohùn kò pọ̀ nínú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ tí púpọ̀ nínú wa fi kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ a kà á já geere, nítorí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wa kí a tó rí i. Ìrántí wa ni ó ń sanwó ohun tí ìwé kò ní. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ yóò wà ní àbọ̀.

Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé kíkúrú ni ibi tàbí pé gígùn ni ire. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 sọ aiye di ayé, ó yọ lẹ́tà kan. Ó sì sọ nã di náà, ó fi lẹ́tà kún un. Níbi kan ó ṣúnná, níbi kejì ó náwó, nítorí kí òǹkàwé lè ríran.

Nípa ìtumọ̀ oikonomia fúnra rẹ̀, a kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó lè gba gbogbo rẹ̀. Ìríjú, ètò, ìṣúná àti ọrọ̀ ajé ni yóò máa pín in gbé, bí ibi tí ó wà bá ti béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀gá inú òwe náà bi ìríjú rẹ̀ ń dúró de gbogbo ẹni tí ó ń lo ọ̀bẹ lórí ọ̀rọ̀. Ní ti ẹ̀dà Jòhánù náà, a tún un tẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, a sì fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Ìbéèrè fún àjùmọ̀sọ

1. Ẹ ka Lúùkù 16:1-4 àti Éfésù 1:10. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni ẹ̀yin yóò lò ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Ẹ kọ ọwọ sílẹ̀ láìní àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ mélòó ni ẹ lè kà nínú rẹ̀?
3. Nínú iṣẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ yín, ìṣúná wo ni ẹ ń ṣe tí ẹlòmíràn ń sanwó rẹ̀?