Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: RÉDÍÒ TÓ Ń SỌ̀RỌ̀, TÓ SÌ Ń GBÈSÌ

Lóṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó yíyá àti owó sísan la gbé wá. Ọ̀rọ̀ rédíò ni: irú rédíò tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba owó oṣù. Ẹni tó bá ń sọ pé, "Kí ló kan alájẹṣẹ́kù nínú ìyẹn?", kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́

Ní ọdún 1935 ni rédíò onítwáyà dé Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sínú ilé, wáyà ló ń gbé ohùn wá, onílé a sì máa san owó lóṣooṣù. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n ní èyí ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Àbùkù ohun náà wà nínú orúkọ yẹn. Lónìí, a ń gbọ́ Ìbàdàn, a ń gbọ́ Òṣogbo. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà oko wa bá bàjẹ́, tàbí tí ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́jà tí kò sẹ́ni tó rà á, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́?

Ìjọba nìkan ló ni rédíò ní Nàìjíríà títí di 1992, nígbà tí òfin 38 ti ọdún náà dá àjọ NBC sílẹ̀ tó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Àwọn yunifásítì kan náà rí ìwé àṣẹ gbà. Ó di ọdún 2015 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí rédíò 17 fún àwọn ará ìlú káàkiri.

Ibi méjì tí a ti lè kọ́gbọ́n

Ibi kìíní ni Homa Bay ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1982, àjọ UNESCO ran ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́ láti dá rédíò kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò náà. Ní 1984, ìjọba tì í pa. Àwọn ará ìlú ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tiwọn, ẹ̀rọ kì í ṣe tiwọn. Ohun tí a kò bá ní ìpín nínú rẹ̀, onílé lè gbà á lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ibi kejì ni Ada ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí odò Volta ti ń wọ inú òkun. Radio Ada bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1998. Èdè Dangme tí wọ́n ń sọ nílé ni wọ́n ń sọ lórí afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ ìlú tó fínnúfíndọ̀ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Apẹja ní ètò tirẹ̀, àgbẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn obìnrin alẹ́ja náà ní tiwọn. Wọn kì í jókòó dè wọ́n nínú yàrá: wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn létí omi àti nínú oko. Èsì nìyẹn!

Ẹ má rò pé eré ni. Ní Ada, ọ̀sà kan wà tí wọ́n ń pè ní Songor, iyọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń kó nínú rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ìjà lórí ẹni tó ni iyọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1985, ọta ìbọn ọlọ́pàá pa aboyún kan, Maggie Kuwornu, nínú rẹ̀. Rédíò náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn jàǹdùkú ya wọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n lu àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ ò rí i pé ohùn tálákà lórí afẹ́fẹ́ ń dun àwọn kan! Bí kì í bá ṣe pé ìlú ló ni ín, ta ni ìbá dìde fún un?

Ohun tó kan àwa alájẹṣẹ́kù

Èkíní, ìpín. Bí ọlọ́lá kan bá dá nìkan ra ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ la ó máa gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí èèyàn 200 bá ń dá ₦500 lóṣooṣù, ₦100,000 nìyẹn. Kò lè ra òpó rédíò lóòjọ́, ṣùgbọ́n ó lè ra epo jẹnẹrétọ̀, ẹni 200 sì ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èkejì, owó ìkéde. Ìkéde òkú, ìgbéyàwó, ẹran tó sọnù, ọjà tuntun: owó kéékèèké ni, àmọ́ ó ń pọ̀. Ẹni tó ń gba ìkéde kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú owó. Kí olúkúlùkù gba rìsíìtì, kí wọ́n sì ka ìwé owó sétí ìlú, bí a ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀kẹta, iye ọjà. Bí rédíò bá ka iye kóńgò gàrí láràárọ̀, alárà tó wá láti òkèèrè kò ní lè rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kí a bi ẹni mẹ́ta ó kéré tán lọ́jà kí a tó kà á. Bí ẹni tó ń kà á bá ń ta gàrí, kí ẹlòmíràn kà á.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí ìgbà tó bá wù mí. Bí ètò bá yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà tí ẹni tó kàn ti gba oko lọ, lọ́jọ́ kẹta àwọn èèyàn á ti pa rédíò wọn. Kí a kọ orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀, kí a kọ́ wọn níṣẹ́, kí a sì fún wọn lówó ọkọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, òfin. NBC kì í fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ìwé àṣẹ rédíò. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sórí afẹ́fẹ́ láìgba ìwé, ó ń fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò ni.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ló pa rédíò Homa Bay? Kí ni Ada ní tí Homa Bay kò ní?
2. Èwo nínú ọ̀rọ̀ ọjà wa ló yẹ kí gbogbo ìlú gbọ́ láràárọ̀?
3. Nínú wa níbí, ta ló lè yọ̀ǹda wákàtí méjì lọ́sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé gbogbogbòò.