Kí Ẹ Tó Tẹ npm install

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ìkánjú yín ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ ò tíì gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tán, ẹ ti tẹ npm install. README wà níbẹ̀, ẹ ò kà á. Nígbà tí lẹ́tà pupa bá wá kún ojú tẹ́míná, ẹ ó máa bú ẹni tó kọ iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ node -v, kí ẹ mọ ẹ̀dà Node tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí fáìlì .nvmrc bá wà nínú fódà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ẹ̀dà Node tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ sí. Àṣẹ nvm install yóò gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ package-lock.json ló ká mi lára jù. Tí package.json bá kọ ^4.17.0, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀dà yòówù tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀, tí kò bá ṣáà ti dé 5, òun gbà á. Lock ló ń sọ pé èyí gan-an la lò. Lọ́jọ́ kan, àṣìṣe kan dà mí láàmú, mo pa fáìlì náà rẹ́, mo tún gbé gbogbo rẹ̀ wá. Àwọ̀ bọ́tìnì kan péré ni mo fẹ́ yí o! Kàlẹ́ńdà tí àwọn oníbàárà fi ń yan ọjọ́ ló kú, odindi ọjọ́ kan ni mo sì fi wá ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà, npm ci ni mò ń tẹ̀: ohun tí lock kọ nìkan ló ń gbé wá, tí òun àti package.json ò bá sì bára mu, yóò kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ dátà lò, ẹ fi --prefer-offline kún un, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà nílé.

Ẹ má ti .env, fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, sókè sí git láéláé. Orúkọ nìkan ni kí ẹ kọ sínú .env.example, láìsí kọ́kọ́rọ́. Tí iṣẹ́ náà bá ń lo Vite, ohun tí ẹ bá fi VITE_ ṣáájú orúkọ rẹ̀, tí ẹ sì lò ó nínú kóòdù, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ojú ìwé yín lè rí i.

Vite máa ń jókòó sí pọ́ọ̀tù 5173. Bí tẹ́míná àná bá ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yóò rọra bọ́ sí 5174 láìpariwo, backend tó mọ 5173 nìkan yóò sì lé e padà; ẹ ó máa wá àṣìṣe CORS kiri. Ẹ kọ strictPort: true, kí ó lè pariwo.

Tí iṣẹ́ náà bá dìde, ẹ fi --host ṣí i lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín kan, kí ó gbé iṣẹ́ náà dìde látinú README nìkan, kí ẹ̀yin káwọ́ gbera. Ibi tó bá ti yíjú bi yín ní ìbéèrè, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú README kí ó tó dìde lórí àga.