"Ara Mi Ò Yá" Nìkan Kò Tó fún Dókítà

Ẹni tó bá ti Ọ̀dà wá sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, gbólóhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Dókítà, ara mi ò yá." Yorùbá gidi ni, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù. Ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tírọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò.

Gẹ̀gẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ti ní tipẹ́ fún àìsàn ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pe tírọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀. Wíwú ni gẹ̀gẹ̀. Tírọ́ọ̀dì ni ohun tó wú. Ọrùn ènìyàn lè wú kí họ́mónù tí tírọ́ọ̀dì rẹ̀ ń ṣe wà bó ṣe yẹ. Ọrùn ẹlòmíràn kò wú rárá, họ́mónù rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí a bá da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹni kejì yìí yóò jókòó sílé. Àìtó áyódìn nínú oúnjẹ wà lára ohun tó ń fa gẹ̀gẹ̀. Ní 1966, olùwádìí Ekpechi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé ẹ̀gẹ́ náà lè dá kún un. Ìdí nìyí tí rírẹ ẹ̀gẹ́ dáadáa kí a tó fi ṣe pupuru fi ṣe pàtàkì, tí iyọ̀ aláyódìn sì fi ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Họ́mónù tí a ń pè ní T4 ni tírọ́ọ̀dì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ jù lọ. Áyódìn mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n ń yọ ọ̀kan kúrò, tó fi di T3 tó lágbára. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 T3 ara wa ni kò ti inú tírọ́ọ̀dì jáde. Ẹni tó ń túmọ̀ iṣẹ́ yìí láti èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fẹ́ kọ ọ́ pé a "jí họ́mónù". Kò sùn, a yọ nǹkan lára rẹ̀ ni. "Yọ" ni kó kọ.

T3 yìí ló ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ pàṣẹ bí ara yóò ṣe gbóná tó, àti bí ọkàn yóò ṣe yára lù tó. Inú mi dùn sí "yá" níbí, nítorí a ń gbọ́ ọ nínú yáná, a sì ń gbọ́ ọ nínú yára: ooru àti ìyára, iṣẹ́ T3 gan-an.

Nítorí náà, ẹ tú "ara mi ò yá" palẹ̀. Bí họ́mónù bá dín: "Òtútù ń mú mi nígbà tí kò mú ẹlòmíràn, ara mi wúwo, mi ò rí ìgbẹ́ yà dáadáa, mo ń sanra láìjẹun púpọ̀." Bí ó bá pọ̀ jù: "Àyà mi ń lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mò ń jẹun, síbẹ̀ mò ń rù." Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé "ara mi ń gbóná", nítorí ibà ni gbogbo ayé yóò gbọ́. "Ooru ń mú mi" ni kó wí. Kó sì fi iye oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀ kún un, nítorí ibà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.