Àwọn Erin Igbó Omo, àti Ibi tí a ti lè rí Ipasẹ̀ Wọn

Àwọn àgbà a máa wí pé àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí ènìyàn bá rí erin, kí ó sọ pé òun rí erin. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ìgbà tí a pa òwe yìí, nítorí pé ẹranko tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó lè fara pamọ́ fún ojú. Ṣùgbọ́n ní ìhà Ibiade, ní Ogun Waterside, ọ̀ràn náà ti yí padà. Ènìyàn lè gbé ní ìlú náà láti kékeré títí di arúgbó láì fojú kan erin rí, bẹ́ẹ̀ ni erin ń bẹ nínú igbó tí ó wà lẹ́yìn oko rẹ̀. Ó ń rìn lóru, ó ń mu omi odò, ó sì ń fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fìrí gan-an ni a ń rí i nísinsìnyí, bí a bá tilẹ̀ rí i. Nípa erin wọ̀nyí, àti nípa àwọn ẹranko mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé, ni ẹ̀kọ́ yìí.

Bí ènìyàn bá dúró ní Ibiade tí ó kọjú sí gúúsù, ọ̀nà ọ̀sà ni ó kọjú sí, ní ìhà Iwopin, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí àbàtà sì pọ̀. Bí ó bá kọjú sí àríwá, igbó ni, èyíinì ni igbó ọba tí a ń pè ní Omo, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ odò Omo. Igbó náà gba ilẹ̀ ní Ogun Waterside, ó gba ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn àti Ìjẹ̀bú Àríwá, ó sì bá igbó ọba Shasha ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti igbó ọba Oluwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó pààlà. Nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 1,325 ni a kọ sílẹ̀ fún un. Kí ẹ̀yin òǹkàwé lè mọ bí èyí ti tó, ẹ jẹ́ kí a fi wé Luxembourg, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù tí ó dá ìjọba ara rẹ̀ ní. Gbogbo ilẹ̀ Luxembourg kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 2,586 lọ. Igbó Omo nìkan ju ìdajì rẹ̀ lọ díẹ̀. Àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni ẹranko tí ó tóbi jù nínú igbó ti àwọn ará ibẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa rin ọ̀nà jíjìn láti lọ wò wọ́n. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, erin ni ó ń gbé lẹ́yìn oko.

Ní ọdún 1925 ni ìjọba ti pààlà sí ilẹ̀ yìí, tí ó jẹ́ apá kan igbó ọba Shasha nígbà náà. Ní 1946, a ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí dá oko níbẹ̀ rárá, kí a lè máa fi í mọ bí igbó ṣe rí kí ọwọ́ ènìyàn tó kàn án. Ní 1977, UNESCO, ẹ̀ka àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń rí sí ẹ̀kọ́, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àṣà, fi orúkọ Omo kún ti àwọn igbó tí gbogbo ayé ní ìpín nínú ìtọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ nínú ìwé kì í dá ààké dúró. Àwọn onígẹdú wọ inú igbó, wọ́n kó àwọn igi ńlá jáde. Lẹ́yìn wọn ni a gbin igi mẹlaina sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, pàápàá láti àwọn ọdún 1970, nítorí ilé iṣẹ́ ìwé tí a fẹ́ dá sílẹ̀ ní Iwopin. Igi ilẹ̀ Éṣíà ni mẹlaina. Ó ń yára dàgbà, ó sì dára fún ìwé ṣíṣe. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà kò dúró, ṣùgbọ́n igbó tí a gé nítorí rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn èyí ni kòkó dé. Abúlé àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ti pọ̀ nínú igbó náà nísinsìnyí, àwọn mìíràn sì ti wà níbẹ̀ láti ìran bàbá wọn.

Kí ni erin ń ṣe nínú gbogbo èyí? Kí a kọ́kọ́ mọ irú erin tí ó jẹ́. Erin tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán, tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ ńlá, tí ó ń rìn nínú pápá gbalasa, kì í ṣe òun ni ó wà ní Omo. Ti Omo jẹ́ erin igbó. Ó kéré sí ti ọ̀dàn, akọ rẹ̀ kì í sábà ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ ní èjìká. Etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ sì gún tààrà, ó kọjú sí ilẹ̀, kò tẹ̀ síwájú bí ti ìkejì rẹ̀. Èyí bá ibi tí ó ń gbé mu, nítorí pé eyín tí ó tẹ̀ síta yóò máa há mọ́ ìtàkùn. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ka méjèèjì sí ẹ̀yà kan. Ní ọdún 2021, àjọ àgbáyé tí ó ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn ohun abẹ̀mí tí ó wà nínú ewu yà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kọ erin igbó sí ìpele ewu tí ó ga jù lọ, èyí tí kò sí ìpele mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe kí ẹranko pòórá nínú igbó. Ní gbogbo Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìtọ́jú erin jáde ní 2024, iye tí a sọ fún gbogbo erin, ti igbó àti ti ọ̀dàn pọ̀, kò tó 400.

Àgbẹ̀ ni erin. Kì í ṣe àwàdà. Bí ó bá jẹ èso òro, kóró rẹ̀ kì í yọ́ nínú ikùn rẹ̀. Ó lè gbé e rìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì kí ó tó yà á sílẹ̀, ìgbẹ́ tí ó sì yí i ká di ajílẹ̀ fún un. Àwọn igi kan wà tí èso wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹranko mìíràn tí ó lè gbé e mì. Bí erin bá tán, àwọn ògbólógbòó igi náà yóò ṣì dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ojú yóò sì máa wò ó pé igbó wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ọmọ lábẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá ń ṣa òro nínú igbó ọba fún ọbẹ̀ àpọ̀n kò mọ̀, bóyá erin ni ó gbin igi náà.

Bíbí erin igbó sì lọ́ra ju ti ọ̀pọ̀ ẹranko mìíràn lọ. Àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ wọn ní Central African Republic rí i pé abo a máa ju ọmọ ogún ọdún lọ kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Oṣù 22 ni ó fi ń lóyún, ọdún 5 tàbí 6 sì ni ó sábà máa ń wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ọdẹ tí ó bá pa ìyá kan lónìí ti pa ohun tí igbó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́. Ìdí nìyí tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ erin wé ti ọ̀yà tàbí òkété, tí a ń pa lọ́dọọdún tí wọn kò sì tán.

Ibo, nígbà náà, ni ènìyàn lè lọ wò ó? J4 ni ibi tí a mọ̀ jù. Orúkọ yìí, tí ó ń ya àlejò lẹ́nu, ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó fi pe apá kan ilẹ̀ náà nínú àwòrán ilẹ̀ wọn, ó sì di orúkọ ìlú. Láti ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ore ni a ti ń yà wọ ibẹ̀. Igbó ọba ni, nítorí náà ènìyàn kì í dédé wọlé. Àṣẹ ni a ń gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì ni a ń tẹ̀ lé. Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1980 láti máa dáàbò bo ohun abẹ̀mí, ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lára àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni a ti rí àwọn tí ó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀, ohun tí ó sì tọ́ ni, nítorí pé ta ni ó mọ ọ̀nà ẹran ju ẹni tí ó ti dọdẹ rẹ̀ lọ?

Kí ẹni tí ó ń lọ má ṣe retí àtirí erin fúnra rẹ̀. Àmì ni kí ó máa wá. Ojú ẹsẹ̀ iwájú rí róbótó, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀ bí ẹyin. Bí a bá fi okùn wọn àyíká ojú ẹsẹ̀ iwájú, tí a sì ka okùn náà lẹ́ẹ̀méjì, iye tí a rí súnmọ́ gíga erin náà ní èjìká. Báyìí ni a ṣe lè mọ̀ bóyá àgbà ni ó kọjá tàbí ọmọ. Kí ó wo ara igi lẹ́bàá omi, níbi tí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà ní òkè orí ènìyàn, nítorí pé erin a máa fi ara ra igi lẹ́yìn tí ó bá ti wẹ̀ nínú àbàtà. Kí ó sì tú ìgbẹ́ rẹ̀ wò bí kò bá kórìíra rẹ̀. Àmì ohun tí ó jẹ wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ a tún máa so ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ igi, èyí tí ó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ nígbà tí ohun kan bá kọjá níwájú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti lọ, nítorí pé omi ń gbẹ nínú igbó, àwọn ẹranko sì ń kó ara wọn jọ sí ibi tí ó kù.

Ní ọ̀nà kan náà, ojú lè rí àwọn mìíràn tí kò fi ara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi ọ̀bọ wà. Ọ̀kan nínú wọn ní ọrùn funfun, kò sì sí i níbòmíràn ní gbogbo ayé ju gúúsù Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin lọ. Atíálá ń fò lókè, ìró ìyẹ́ rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀. Ìnàkí ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n.

Akíka, ẹran onípẹ́ tí ń jẹ èèrà àti ikán, wà pẹ̀lú, ẹ̀rù sì wà fún un ju fún àwọn yòókù lọ. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2009 láàárín àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi hàn pé kò sí apá kan nínú ara rẹ̀ tí a kì í fi ṣe oògùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni akíka sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi òpin sí títà á láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Bí a bá ń pa á bí a ti ń pa á, àwọn oníṣègùn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ó tán.

Àwọn tí kò lè wọ igbó ọba, pàápàá àwọn ọmọ ilé-ìwé, lè gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Lekki. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a dárúkọ lókè yìí ní hẹ́kítà 78 tí a ti ń tọ́jú láti 1990. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nì wà nínú omi, a sì lè rí ìgalà bí a bá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní 2015 ni a ṣí afárá kan tí a so mọ́ orí igi, tí ó gùn tó mítà 401. Erin kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbẹ̀ kò ní jẹ́ kí a fò. Erin ń jẹ oko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn fi ọdún kan gbìn lè di àkìtàn ní òru ọjọ́ kan, ẹni tí oko rẹ̀ sì bàjẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ nípa kóró òro. Ẹ̀dùn rẹ̀ tọ́. Àwọn ibòmíràn ní Áfíríkà ti wá ọgbọ́n kan tàbí méjì sí i. Ní Kenya, a rí i pé erin ń sá fún oyin. Àwọn àgbẹ̀ gbé ilé oyin kọ́ yí oko ká, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bí erin bá kan wáyà lóru, gbogbo ilé oyin á mì, oyin á sì jáde. Àgbẹ̀ á pa oko rẹ̀ mọ́, á tún rí oyin tà. Ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ata ni wọ́n ń lò: a gún un, a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, a fi iná sí i, kí èéfín rẹ̀ lè máa fẹ́ lọ sí ìhà ibi tí erin ń gbà wá. Erin a máa gbọ́n sí ọgbọ́n kan bí ó bá pẹ́, nítorí náà a ń pààrọ̀ wọn. Ohun tí kò dára ni lílu agbada lé e ní ọ̀sán nígbà tí ó bá ní ọmọ lẹ́yìn, nítorí pé ìyá erin kì í sá níwájú ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà oko kí ó dúró, kí ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà tí ó gbà wá, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní J4.