Ṣíṣírò Iye Ìlà nínú Fáìlì Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn tí ó ń Gba Lítíréṣọ̀ Alohùn Sílẹ̀

Ìfáàrà
Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba orin ìgbéyàwó sílẹ̀ ní Ìkòròdú, tàbí orin ọdún tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1851, iye ìlà ṣe pàtàkì. Òun ni a fi ń tọ́ka sí orin, òun náà ni a fi ń ṣe ìfiwéra. Bí iye náà bá ṣì, ìtọ́ka ṣì nìyẹn.

Ohun tí Kọ̀ǹpútà ń Kà
Kọ̀ǹpútà kò mọ ìlà bí akéwì ti mọ̀ ọ́n. Àmì ìparí ìlà tí bọ́tìnnì Enter ń fi sílẹ̀ ni ó ń kà. Nọ́ńbà báìtì àmì yìí ni 10. Lórí Windows, 13 máa ń ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò yí iye padà. Bí ìlà gígùn bá ṣẹ́ wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà nítorí àìsí àyè, ìlà kan ṣoṣo náà ni.

Ìlànà tí ó Yá
Ètò tí ó bá kó odidi fáìlì sínú ìrántí kọ̀ǹpútà kí ó tó kà á ń fi àyè ṣòfò. Ẹni tí ó fẹ́ mọ iye ẹja tí ó wọ ọjà Ẹ̀pẹ́ kò ní láti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ni yóò máa kà, tí yóò sì máa rò ó pọ̀. Bákan náà, kí ètò mú báìtì 65,536 lẹ́ẹ̀kan, kí ó ka iye 10 tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó fi kún àròpọ̀, kí ó tó mú òmíràn. Bí ó ti wù kí fáìlì tóbi tó, ìrántí tí ó ń lò kò ní pọ̀ sí i. Àṣẹ wc, tí ó ti wà nínú Unix láti ọdún 1971, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bí a bá kọ wc -l.

Àmì ohùn kò dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Nínú UTF-8, “ẹ́” lè gba báìtì 5, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ 10. Nítorí náà, kò sí ìdí láti yọ àmì ohùn kúrò kí kíkà lè yá.

Ìkíyèsára
Bí a kò bá tẹ Enter lẹ́yìn ìlà tí ó gbẹ̀yìn orin onílà 4, wc -l yóò sọ pé 3 ni. Ètò tí ó péye yóò wo báìtì ìkẹyìn: bí fáìlì kò bá ṣófo, tí báìtì náà kì í sì í ṣe 10, yóò fi 1 kún àròpọ̀. Ìlà òfìfo tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ orin méjì náà yóò wọ inú iye. Ó yẹ kí a yọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Èémí àti ìtumọ̀ ni ó ń pín orin sí ìlà. Agbohùnsílẹ̀ ni ó ń fi Enter sí ibi tí ó yẹ. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ojú ka fáìlì kékeré, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ kà á. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, kí wọ́n yẹ ìlà ìkẹyìn àti ìlà òfìfo wò.