ÀWÒRÁN ÀTI EWÌ NÍNÚ ÌWÉ ÀWỌN ỌBA TI ILẸ̀ PÁṢÍÀ: OHUN TÍ ÌFÀYA ÌWÉ BÀJẸ́

Ìfáárà
Ní ilẹ̀ Páṣíà, tí a mọ̀ sí Ìráànì lónìí, ewì akọni kì í ṣe ohun àfetígbọ́ nìkan. Ohun àfojúwò ni pẹ̀lú. Firdausi, akéwì ọmọ ìlú Tus, parí Shahnama, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘Ìwé Àwọn Ọba’, ní ọdún 1010. Ó sọ ìtàn àwọn ọba àti akọni láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di ìgbà tí àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun ilẹ̀ náà. Èrò tí iṣẹ́ yìí gùn lé ni pé àwòrán inú ìwé àfọwọ́kọ ewì yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Apá kan ìtàn náà ni.

Àjọṣe Adàwékọ àti Ayàwòrán
Àpẹẹrẹ tí a óò lò ni ẹ̀dà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Shahnama Ńlá ti Mongol, tí a ṣe ní Tabriz ní àwọn ọdún 1330 sí 1339. Adàwékọ ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó pín ojú ewé sí ọ̀nà mẹ́fà, ó kọ ewì sí i, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ayàwòrán. Nítorí náà, ìlà ewì tí ó ṣáájú àwòrán ni ó ń tọ́ka sí ibi tí ìtàn dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán ìsìnkú Iskandar, ìyẹn Alexander, ọba ilẹ̀ Masidóníà. Pósí wà láàrin gbọ̀ngàn, àtùpà rọ̀ sókè, àwọn aṣọ̀fọ̀ sì ń fa irun wọn. Obìnrin kan ṣubú lé pósí náà; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí òǹwòran. Ẹni tí kò ka ewì yóò rí ọ̀fọ̀. Ẹni tí ó kà á yóò mọ̀ pé ìyá ni ó ń sunkún ọmọ. Akéwì fún ìyá náà ní ohùn. Ayàwòrán fi ojú rẹ̀ pa mọ́. Ohun tí ọ̀kan kò lè ṣe ni èkejì ṣe.

Ìfàya Ìwé
Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ Georges Demotte, oníṣòwò iṣẹ́ ọnà ní Paris. Ó tú u, ó sì tà á ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ewé tí àwòrán wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ó mú kí a là á sí méjì, kí ó lè tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lẹ àwọn àwòrán kan mọ́ ewì tí kì í ṣe tiwọn. Àwòrán rẹ̀ tí a mọ̀ lónìí kò tó 60.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Shahnama ti Ọba Tahmasp, tí ó ní àwòrán 258. Arthur Houghton, ará Amẹ́ríkà, rà á ní ọdún 1959, ó sì tú u ká. Ní ọdún 1994 ni èyí tí ó ṣẹ́kù padà sí Ìráànì, nígbà tí a fi àwòrán kan tí Willem de Kooning yà ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àwòrán tí a yà kúrò lára ewì ṣì lè wu ojú, ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ ti di àdììtú. Olùkọ́ tí yóò bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìlà ewì tí ó ṣáájú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń yan àwòrán sínú ìwé kíkà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni àwòrán yìí sọ tí ọ̀rọ̀ kò sọ?